Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Búra ní Ilé-Iṣẹ́ Agolo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Mo rí yín bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Kẹ́mi, ọmọ ọmọ mi, ń sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Computer Village. Ó ní láràárọ̀ ni ọ̀gá náà máa ń kó gbogbo wọn jọ, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà títí wọ́n á fi làágùn. Tí wọ́n bá ti ṣe Àmín tán, á ní kí wọ́n máa nu fóònù tí ẹlòmíràn ti lò, kí wọ́n máa dì í sínú páálí tuntun. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ayọ̀ yín jẹ́ o. Àdúrà àárọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn ló gbé mi lọ síbi tí mi ò kì í fẹ́ lọ. Ẹ jókòó. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, torí mi ò mọ̀ bóyá mo tún máa lè sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ò mọ Ìkẹjà tí mò ń wí. Ìkẹjà ti hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ṣọ́ọ̀bù lẹ mọ̀. Nígbà tiwa, láti Agége dé Ọgbà dé Ìkẹjà, ilé-iṣẹ́ ló tò lọ bẹẹrẹ. Fèrè wọn ló ń jí wa. Ti ilé-iṣẹ́ aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ ké, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ á tẹ̀lé e, ìyẹn nípọn, ó máa ń mi fèrèsé. Tiwa ló máa ń kẹ́yìn, ó sì máa ń fà gùn bíi ti ẹni tó ń pe ọmọ tó ti lọ jìnnà. Tí tiwa bá ké tí o ò tíì kọjá ojú irin réluwéè, o ti pẹ́ nìyẹn. Ojú irin yẹn náà la máa ń tọ̀, èrò lọ súà, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi aṣọ dì, àwa ará Ìjẹ̀bú pẹ̀lú gààrí wa nínú ọ̀rá. Wọ́n á fi gààrí bú wa, àwa náà á fi ilà ojú bú wọn, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín dé ẹnu géètì. Lónìí, ilé-iṣẹ́ wa ti di gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Mo kọjá níwájú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Dígí ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, ọlọ́dẹ wá bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo ní mi ò wá ẹnikẹ́ni.

Agolo là ń ṣe níbẹ̀. Agolo mílíìkì, agolo tòmátò, agolo ọ̀dà. Èmi ni fítà. Iṣẹ́ fítà ni pé kí ẹ̀rọ má dákẹ́. Tí irin bá yẹ̀, wọ́n á pè mí. Tí bẹ́líìtì bá já, wọ́n á pè mí. Sípánà mi ò kì í kúrò ní àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi, débi pé ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya kí ibòmíràn tó ya. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, èyí tó ń gé ìdérí agolo ni mo bẹ̀rù jù. Abẹ ńlá kan wà lókè rẹ̀. Á gbéra, á sọ̀kalẹ̀, gbì! Á gbéra, á sọ̀kalẹ̀, gbì! Bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Wọ́n wá fi irin kan síwájú rẹ̀, ó rí bíi fèrèsé kékeré, gáàdì là ń pè é. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pa á dé kí abẹ tó sọ̀kalẹ̀, kó sì tún ṣí i lẹ́yìn náà. Òun ló ń gba ọwọ́ ènìyàn lọ́wọ́ abẹ.

Mùfútáù ló ń lo ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ilé kan náà là ń gbé ní Agége, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Tó bá di oṣù Ààwẹ̀, èmi ni mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ fún un kó lè lọ kírun, èmi náà ni mo sì ń bá a gbé irin tó bá wúwo nígbà tí ebi bá ti mú un lọ́sàn-án. Tó bá di àárọ̀ Kérésì, òun ló máa gba iṣẹ́ mi ṣe. Kò sí ìwé tí a fọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe é. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn, mi ò sì rò pé nǹkan bàbàrà kan ni à ń ṣe.

Ọ̀gá tó wà lórí wa, Díákónì là ń pè é, torí díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi náà ń lọ. Ará Ìjẹ̀bú ni bíi tèmi. Òun ló mú mi wọ ilé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún Bọ́sẹ̀, àkọ́bí mi, ìyá Kẹ́mi yìí, Díákónì ló gbé e lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Òun náà ló ń darí àdúrà wa láràárọ̀ lẹ́nu géètì. Á gbà á ní orúkọ Jésù tán, á yíjú sí àwọn Mùsùlùmí, á ní kí ẹnì kan ṣe tiwọn, gbogbo wa á sì ṣe Àmín sí méjèèjì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, tọkàntọkàn ló fi ń gbàdúrà. Ohun tó ń dààmú mi títí dòní gan-an nìyẹn. Ká ní ẹlẹ́tàn ni, ì bá rọrùn fún mi.

Lọ́dún kan, nígbà tí Kérésì ń bọ̀, àwọn oníbàárà ń béèrè agolo ju èyí tí a lè ṣe lọ. Mánẹ́jà ń pariwo mọ́ Díákónì, Díákónì ń pariwo mọ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Àmín tán ni, Díákónì wá bá mi níbi ẹ̀rọ Mùfú.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, gáàdì yìí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Tú u."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ò ṣeé lò láìsí gáàdì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Mùfú mọ ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa. Àbí Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yìí ò lè ṣọ́ ọ?"

Mo wo Mùfú. Ó gbé èjìká, ó ní, "Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀." Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di gáàdì náà mú. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ tí mo ṣe yẹn ò pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi ò ti balẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń sáré, gbì-gbì-gbì, kò sinmi. Ibi yòówù kí n wà nínú ilé-iṣẹ́, etí mi wà níbẹ̀. Mo máa ń kà á láìmọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà lórí àkàbà, mò ń fi òróró sí nǹkan lókè. Mo gbọ́ gbì kan tí kò dún bíi ti ìyókù. Ó rọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tó ń di agolo figbe ta.

Ìka mẹ́rin ni, lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò nìkan ló kù.

Wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ó di ọsibítù. Mùfú ò ké. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pa ẹ̀rọ," bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ti kú. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, Díákónì fà mí lápá.

"Mánẹ́jà ń bọ̀ láti GRA. Dá gáàdì padà kó tó dé."

"Ọ̀gá..."

"Mo ní dá a padà! Ṣé o fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ padà sí Ìjẹ̀bú lọ máa roko ni? Ọmọ mélòó lo ní nílé?"

Mo dá a padà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Mo mú sípánà, mo kúnlẹ̀, mo dá a padà. Àwọn obìnrin ibi ìdigolo ń wò mí. Nọ́ọ̀tì kẹta ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, mo rò pé gírísì ni. Mo wo ọwọ́ mi. Kì í ṣe gírísì.

Nígbà tí mánẹ́jà dé, ó wo ẹ̀rọ yípo. Ó ní, "Gáàdì wà níbẹ̀. Báwo wá ni ọwọ́ ṣe dé abẹ́ abẹ?" Díákónì ní, "Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti kì í bọ̀ ọ́, sà. Àìfarabalẹ̀ ni." Mánẹ́jà kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí wọ́n bá kọ àìfarabalẹ̀ sí lọ́rùn nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ò ní tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ náà á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè jẹun nílé. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu mi. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ki ọwọ́ rẹ̀ bọnú ẹ̀rọ ni? Díákónì ló ní kí ẹ tú u. Ẹ jẹ́ kí Díákónì dá Ọlọ́run lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ má dá sí i." Bẹ́ẹ̀ ìyàwó Mùfú wà ní yàrá òdìkejì, à ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí. Ìyàwó mi dìde, ó lọ bá a gbé ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sí ọsibítù. Mo ti ro ohun tí mo máa sọ tán. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀. Ó rí mi, ó gbìyànjú láti dìde, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bàbá Bọ́sẹ̀, gáàdì yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti dá a padà?"

Mo ní, "Mo ti dá a padà."

Ó mí kanlẹ̀. "Alhamdulillah. Kó má lọ ṣe ẹlòmíràn."

Ó rò pé nítorí ẹlòmíràn ni mo ṣe dá a padà. Mo kí i, mo jáde.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Díákónì gba àdúrà pàtàkì fún Mùfú lẹ́nu géètì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo èrò ṣe Àmín. Èmi ò ṣe é.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọdún Ògún àwa fítà bọ́ sí. Ẹ̀yin ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Ìṣọ̀lá, tó dàgbà jù nínú àwa fítà, ló ń ṣe é fún wa. Kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ mọ́ṣáláṣí, kò sì bú ẹni tó ń lọ. Á so mọ̀rìwò sí ẹnu ọ̀nà ilé irinṣẹ́ wa, ẹ̀sun iṣu á wà níbẹ̀, ẹmu á wà níbẹ̀. Díákónì máa ń gba ibẹ̀ kọjá láìwojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò dí wa lọ́wọ́ rí. Fítà kọ̀ọ̀kan, ì báà ṣe onígbàgbọ́, ì báà ṣe Mùsùlùmí, á gbé irin tó fi ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ níwájú Bàbá Ìṣọ̀lá, Bàbá á sì wúre sí i kí irin má bá wa jà. Lọ́dún yẹn, ọwọ́ mi ò lè yọ sípánà tó wà lápò mi. Mo lọ mú òmíràn nínú àpótí, èyí tí mi ò lò rí, mo gbé e sílẹ̀.

Bàbá Ìṣọ̀lá gbé e, ó yí i padà. "Ṣé èyí lo fi ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Òun ni, Bàbá."

Ó wo ojú mi pẹ́. "Ó dáa," ó gbé e sílẹ̀, ó bọ́ sórí ti ẹlòmíràn.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò gbà pé àìfarabalẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣiṣẹ́ tí wọn ò bá wádìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Mùfú sílẹ̀ ní ọsibítù, mánẹ́jà pe gbogbo wa jọ sí ibi tí a ti ń jẹun. Ó ní kí Mùfú sọ tirẹ̀. Mùfú dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ní kò sí gáàdì lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Mánẹ́jà ní, "Ta ló tú u?"

Mùfú ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Ojú rẹ̀ ni mo ti tú u.

Mánẹ́jà ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká búra. Ó ti to Bíbélì, Kùránì àti irin kan sórí tábìlì, kí kálukú mú èyí tó gbà gbọ́. Díákónì ló kọ́kọ́ jáde. Ó gbé Bíbélì, ó ní gáàdì ò kúrò lórí ẹ̀rọ náà rí lójú òun. Ohùn rẹ̀ ò mì. Ó gbé Bíbélì náà lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó rọra tẹ ìka mi. Mo mọ ohun tí ìtẹ̀ yẹn ń sọ.

Mi ò ní tàn yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ búra. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Bọ́sẹ̀ ni mò ń rò, ilé ni mò ń rò, mo ti la ẹnu.

Mùfú ló pariwo. "Ẹ dúró! Ẹ gba Bíbélì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀!" Ó ti kúrò níbi tó wà, ó ń bọ̀ wá bá mi. "Sà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Mo gbà. Èmi ni mi ò fara balẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó búra. Ó lọ́mọ nílé. Ọwọ́ mi ti lọ ná, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan tún ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni tìtorí mi."

Ó dúró níwájú mi, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì gba Bíbélì lọ́wọ́ mi. Ó gbàgbọ́ pé tí mo bá búra, Ọlọ́run á gbọ́. Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, mo ti gbàgbé pé Ó lè gbọ́.

Mo di Bíbélì náà mú. Mo ní, "Èmi ni mo tú u." Ohùn mi kéré, mánẹ́jà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo pariwo rẹ̀. "Èmi ni mo tú u! Díákónì ló ní kí n tú u, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló tú u. Ọwọ́ mi yìí náà ló dá a padà kí ẹ tó dé, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Díákónì ní, "Irọ́ ni." Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ibi ìdigolo sì dìde lẹ́yìn, ó ní, "Òótọ́ ni, sà. Ojú mi ló ṣe é." Òmíràn dìde. Lẹ́yìn náà mi ò lè ka iye àwọn tó dìde mọ́. Díákónì jókòó. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n lé èmi pẹ̀lú Díákónì lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tọ́jú Mùfú, wọ́n sì fún un níṣẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́nu géètì títí ilé-iṣẹ́ fi kógbá sílé. Ìyàwó mi bínú sí mi fún ọ̀pọ̀ oṣù, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ọ̀nà Oko Ọba ni mo ti wá ń jó irin, tí mò ń ṣe géètì àti fèrèsé títí mo fi dàgbà báyìí. Díákónì ò kí mi mọ́. A jọ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, a jọ ń gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa lórí pẹpẹ kan náà, títí ó fi kó kúrò ní Agége, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ ju bí mo ṣe ń ronú nípa mánẹ́jà lọ.

Mùfú kú lọ́dún tó kọjá. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ni bàbá wọn sọ fún wọn nípa ọwọ́ rẹ̀. Sìkírátù, àkọ́bí rẹ̀, ní, "Ó ní ẹ̀rọ ló gé e, pé fítà kan ló sọ òtítọ́ nítorí òun títí wọ́n fi lé e níṣẹ́. Ó ní ẹ̀yin ni."

"Ìyẹn nìkan ló sọ?"

"Ìyẹn nìkan ni, Bàbá."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Gbogbo Iléyá tí wọ́n ń gbé ẹran wá fún mi, tí wọ́n ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo sọ ìyókù fún wọn. Mo sọ ti nọ́ọ̀tì mẹ́rin yẹn, mo sọ ti ọsibítù. Alùfáà tó jókòó tì mí sorí kọ́. Sìkírátù ń wò mí, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé bàbá wa mọ̀?"

Mo ní, "Ó mọ̀. Ó ń wò mí nígbà tí mò ń tú u."

Ó dìde, ó wọlé lọ. Mo rò pé kò ní jáde mọ́. Mo ti ń wá bàtà mi. Ó gbé oúnjẹ jáde, ó bu omi ìfọwọ́ síwájú mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jẹun, Bàbá," ó ní. "Tí bàbá wa bá mọ̀ tí wọn ò sọ fún wa, àwa kọ́ la máa wá bá yín ṣẹjọ́."

Mo fọ ọwọ́ mi. Mo jẹ oúnjẹ náà níwájú gbogbo wọn, mo jẹ ẹ́ tán, tí ẹ bá sì bi mí lónìí pé kí ni mo jẹ, mi ò mọ̀.